Kí ni ká fi bo ẹnu fáìsì kó má baà jẹ iṣẹ́ lára?

Ọmọṣẹ́Irin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá.

Fáìsì orí tábìlì, ìyẹn irin ẹlẹ́nu méjì tó ń di nǹkan mú ká lè gé e tàbí ká ha á, ni mo fẹ́ béèrè nípa rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 125 mm. Irin líle tí wọ́n gbẹ́ eyín wẹ́wẹ́ sí ló wà lójú ẹnu náà, skúrù méjì-méjì ló sì dè é mọ́ ara fáìsì lápá kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ irin lásán là ń gé tàbí tí à ń fi fáìlì ha, kò síyọnu. Àmọ́ kí nǹkan ti dán díẹ̀ tàbí kó ti rọ̀ díẹ̀, eyín yẹn á ti tẹ àmì sí i lára kí ẹni tó ń yí ọwọ́ fáìsì tó mọ̀.

Ohun tó ń wọ inú fáìsì náà ò dọ́gba: ọ̀pá alumíníọ̀mù àti ti idẹ tó ti kúrò lórí lẹ́ẹ̀tì (ẹ̀rọ tó ń yí ọ̀pá ká gbẹ́ ẹ), tí ojú rẹ̀ ti dán, bóòtì àti ọ̀pá onítírẹ́ẹ̀dì láti M8 dé M16 (ìyẹn, tó fẹ̀ tó 8 mm dé 16 mm), páìpù tínrín bíi ti kẹ̀kẹ́, tí ara rẹ̀ ò nípọn ju 1 mm lọ, irin stainless tó ti gba pọ́líìṣì, nígbà míì ẹ̀wẹ̀, igi.

Mo rí i pé oríṣiríṣi nǹkan làwọn èèyàn fi ń ṣe ìbonu fún fáìsì: alumíníọ̀mù, bàbà, òjé, igi, awọ, rọ́bà, ike. Ìbéèrè mi rèé. Èwo ni kí èèyàn kọ́kọ́ ṣe? Báwo ló ṣe yẹ kó nípọn tó? Ṣé òòfà ló dáa láti fi mú un dúró ni àbí skúrù? Àti pé, kí ló fà á tí ìbonu alumíníọ̀mù kì í ha nǹkan nígbà tó wà ní tuntun, àmọ́ tó bá pẹ́ díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ha á?

Tọ́nà Àgbà

Ọmọṣẹ́Irin, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tí ẹ fi kádìí, torí òun ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù.

Kì í ṣe alumíníọ̀mù ló ń ha iṣẹ́ náà (ìyẹn ohun tí ẹ dì mú), ẹ̀rún irin ni. Ohun tó bá rọ̀ máa ń gba ẹ̀rún sára. Bí ẹ̀rún tí fáìlì gbẹ́ sílẹ̀ bá bọ́ sáàárín ìbonu àti iṣẹ́, ìgbà tí ẹ bá fún fáìsì ni yóò rì sínú alumíníọ̀mù, orí rẹ̀ á sì yọ síta. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ohun tí ẹ bá dì síbẹ̀ ni ẹ̀rún kan ṣoṣo yẹn á máa ha, ojú kan náà ni àmì á sì máa wà. Ojú lásán lè má rí i. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú ìbonu láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rá lórí rẹ̀, ẹ ó rí i tí ẹ̀rún náà ń kọ mànà. Tàbí kí ẹ fi òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nu ojú ìbonu: ibi tí òwú bá ti há, ẹ̀rún wà níbẹ̀.

Ẹ fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tu ú jáde, kí ẹ wá fi fáìlì wẹ́wẹ́ tí ẹ ti fi ṣọ́ọ̀kì kùn lójú pa ojú ìbonu náà díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sáńpépà ha á. Yanrìn ara sáńpépà le ju irin lọ, òun náà á rì sínú alumíníọ̀mù, ẹ ó sì ti sọ ìbonu di fáìlì. Kí ẹ tó di iṣẹ́ tó dán, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírun idẹ gbá ojú méjèèjì, kí ẹ sì fọwọ́ ra á.

Ní ti ohun èlò, ìlànà tó wà ni pé kí ìbonu rọ̀ ju ohun tí ẹ ń dì mú lọ, kó sì má rọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Apá kejì yẹn làwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Bí ìbonu bá rọ̀ jù, iṣẹ́ á máa mì lábẹ́ fáìlì, ẹ ó máa fún fáìsì sí i kó lè dúró, fífún àfúnjù yẹn náà ni yóò sì tẹ iṣẹ́ wọ̀.

Lórí ìwọ̀n líle ti Brinell, òjé ò ju nǹkan bíi 5 lọ. Alumíníọ̀mù tí kò ní àdàlù, tí wọ́n ti fi iná dẹ̀, wà ní nǹkan bíi 23. Bàbà tí wọ́n fi iná dẹ̀ wà láàárín 40 sí 50. Alumíníọ̀mù 6061-T6, tó ní àdàlù, tí wọ́n sì ti fi iná mú le, tó 95. Irin lásán tó wọ́pọ̀ tó nǹkan bíi 120. Ẹ ó rí i pé ìbonu 6061 ò lè ṣe irin ní nǹkan kan, àmọ́ bí ẹ bá fi di ọ̀pá 6061 míì mú, líle wọn dọ́gba, wọ́n á sì jọ jẹ ara wọn. Alumíníọ̀mù lórí alumíníọ̀mù tún burú lọ́nà kejì: bí wọ́n bá yọ̀ lórí ara wọn pẹ̀lú agbára, wọ́n á lẹ̀, ara wọn á sì fà ya.

Èyí tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe ni ìbonu alumíníọ̀mù, torí òun ló máa ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yín. Ángù alumíníọ̀mù (ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó rí bíi L) 40 × 40 × 4 mm tàbí 50 × 50 × 5 mm ni kí ẹ wá. Ẹ má lo páànù 1 mm. Tí ẹ bá ti fún un le, eyín ẹnu fáìsì á tẹ̀ ẹ́ wọ̀ láti ẹ̀yìn, àmì eyín yẹn á sì yọ lójú kejì, ìbonu tí ẹ ṣe ò wá wúlò mọ́.

Ẹ wọn gíga ojú ẹnu fáìsì, láti etí òkè títí dé orí irin tó ń wọ inú ara fáìsì. Ẹsẹ̀ ángù tó máa dojú kọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kúrú ju ìwọ̀n yẹn lọ ní 1 sí 2 mm. Bí ẹsẹ̀ náà bá gúnlẹ̀ sórí irin ìsàlẹ̀, ángù á gbé sókè, kò sì ní jókòó lórí ẹnu fáìsì. Ẹ gé ẹyọ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó 125 mm, ẹ fi fáìlì pa gbogbo etí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wo igun inú ángù: bí ó bá rí róbótó dípò kó mú, á kọ́ etí ẹnu fáìsì, àyè á sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Fáìlì onígun mẹ́ta ni ẹ ó fi ha igun inú náà títí ángù á fi lẹ̀ mọ́ irin pátápátá. Ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ kó lè dá yín lójú.

Tí ẹ bá kọ́kọ́ fún un, eyín fáìsì á tẹ ẹ̀yìn ìbonu wọ̀. Kò burú, ìyẹn gan-an ni kò ní jẹ́ kó máa yẹ̀. Ohun tó kàn ni pé kí ẹ kọ àmì sí ẹ̀yìn wọn, èyí tó jẹ́ ti iwájú àti èyí tó jẹ́ ti ẹ̀yìn, kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan lè máa padà sójú rẹ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ wọn, ibi tó yọ sókè lára àmì àtijọ́ á gun orí eyín, ojú ìbonu ò sì ní gún mọ́.

Bí iṣẹ́ bá ń yọ̀ nínú ìbonu alumíníọ̀mù tó ti dán, ẹ ti bébà ìkọ̀wé kan ṣoṣo sáàárín wọn kí ẹ tó fún fáìsì sí i. Bébà máa ń dì mú ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Àti pé, bí ohun kékeré bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ẹnu fáìsì, ẹ ki ohun tó nípọn bákan náà bọ ẹ̀gbẹ́ kejì. Àìṣe bẹ́ẹ̀, ẹnu náà á wọ́, iṣẹ́ á sì di ẹni tí wọ́n dì mú létí kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni àmì á ti wọ̀ ọ́.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Àtàtà

Ọ̀gá Tọ́nà ti sọ̀rọ̀ tó yè kooro. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé fún alumíníọ̀mù àti idẹ tó ti dán, irin kankan ò gbọ́dọ̀ kàn án. Igi àti awọ ló ni iṣẹ́ yẹn.

Igi líle tí okùn ara rẹ̀ sún mọ́ra ni kí ẹ lò, kó nípọn tó 18 sí 20 mm. Igi máa ń gba ìfúnpọ̀ lórí, níbi tí ayùn ti gé okùn rẹ̀ kọjá, ní ìlọ́po mélòó kan ju bó ṣe ń gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá kọ ẹ̀gbẹ́ igi sí iṣẹ́, igi ni yóò tẹ̀, iṣẹ́ ò ní tẹ̀, bí a sì ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn fún ohun tó dán. Àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ kí iṣẹ́ dúró gbọn-in, kí ẹ sì máa lo ìbonu náà pẹ́, ẹ kọ orí igi sí i. Orí igi máa ń là, torí náà kí ó má tínrín ju 20 mm lọ. Pílááwù (plywood) 18 mm wà láàárín méjèèjì, kì í sì í là.

Ẹ gé pákó méjì 125 × 60 × 18 mm. Ẹ gé igi tẹ́ẹ́rẹ́ 20 × 20 mm méjì tó gùn tó 125 mm, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀yìn pákó kan lókè, kó lè gùn lé orí ẹnu fáìsì, kí ẹ wá fi skúrù méjì dè é. Kí orí skúrù wọlé tó 6 mm sínú igi. Pákó ń jẹ díẹ̀díẹ̀, lọ́jọ́ tí orí skúrù bá yọ síta, iṣẹ́ kan á ti bàjẹ́ kí ẹ tó mọ̀.

Ọ̀pá róbótó ò gbọ́dọ̀ wà láàárín ojú méjì tó tẹ́jú, torí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì péré ló máa gbé gbogbo agbára náà. Ẹ gbẹ́ kòtò oníhà méjì sójú pákó kan, kí igun rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n 90, kó má sì jìn tó ìdajì ọ̀pá. Ọ̀pá á wá dúró lójú mẹ́ta.

Ní ti awọ, èyí tó nípọn tó 3 sí 4 mm ló dára. Gọ́ọ̀mù tí àwọn oníbàtà ń lò ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́. Ẹ fi sáńpépà ha ojú awọ tó ń dán kí gọ́ọ̀mù lè wọlé, ojú yẹn ló máa kọ sí igi. Inú awọ tó ní irun wẹ́wẹ́ ló máa kọ sí iṣẹ́, torí òun ló ń dì mú jù. Ẹ fi gọ́ọ̀mù kun igi, ẹ fi kun awọ, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ títí ìka ò fi ní lẹ̀ mọ́ ọn mọ́, nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹ tó pa wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ gbé ìbonu méjèèjì sínú fáìsì, ẹ fi bébà sáàárín awọ méjèèjì kí gọ́ọ̀mù tó bá ṣẹ́ jáde má baà lẹ̀ wọ́n pọ̀, ẹ fún un, kó di ọjọ́ kejì.

Awọ ò mọ bí a ti ń lé ẹ̀rún jáde. Ẹ má fi fáìlì gé irin lórí rẹ̀ láé. Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún pọ́líìṣì, fún títò pọ̀, fún igi. Awọ tún máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́, bí ẹ bá fi í sẹ́nu fáìsì láìyọ ọ́, irin abẹ́ rẹ̀ á dógùn-ún.

Alágbẹ̀dẹ Bàbà

Bóòtì àti ọ̀pá onítírẹ́ẹ̀dì ni kí n gbà sọ.

Bàbà ni. Bàbà tí wọ́n fi iná dẹ̀ máa ń jẹ́ kí orí tírẹ́ẹ̀dì wọ inú rẹ̀ díẹ̀, bóòtì ò sì ní yí mọ́, tírẹ́ẹ̀dì ò sì ní fọ́. Ẹ ò nílò àfúnjù. Bí ẹ ò bá rí páànù bàbà, páìpù bàbà tí omi ń gbà á ṣe é. Páìpù tó fẹ̀ tó 28 mm, tí ara rẹ̀ nípọn tó 0.9 mm, bí ẹ bá là á gba gígùn rẹ̀ tí ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, á fún yín ní páànù tó fẹ̀ tó 85 mm. Àmọ́ bí Ọ̀gá Tọ́nà ṣe sọ, ohun tó tínrín tó bẹ́ẹ̀ á gba àmì eyín láti ẹ̀yìn. Nítorí náà ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì níwájú: 30 mm sọ̀kalẹ̀, 30 mm padà sókè lẹ́yìn rẹ̀, 25 mm tó kù á wá gùn lé orí ẹnu fáìsì. Fún ẹnu 125 mm, kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan gùn tó 150 mm, kí ẹ lè rí 12 mm tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì gẹ́gẹ́ bí etí. Páìpù 300 mm ti tó fún méjèèjì.

Ẹ fi iná dẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ. Ẹ ṣe é níbi tí òòrùn ò tàn sí, kí ẹ lè rí àwọ̀ rẹ̀. Bó bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ti tó, ẹ má jẹ́ kó pọ́n yòò. Ẹ kì í bọ omi. Irin tí wọ́n ń fi ṣe ọ̀bẹ máa ń le bí wọ́n bá kì í bọ omi. Bàbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kì í le sí i rárá, omi á kàn bá a bọ́ èèpo dúdú ara rẹ̀ dànù ni. Òòlù onígi ni kí ẹ fi ṣẹ́ ẹ. Bí ẹ bá ń lù ú, ó ń le padà, torí náà bó bá ti ń tako òòlù, ẹ padà sídìí iná kí ó tó sán níbi tí ẹ ti ṣẹ́ ẹ. Bí ìbonu bá ti gba àmì tírẹ́ẹ̀dì púpọ̀, ẹ tún fi iná dẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e sórí irin tó tẹ́jú, ẹ lù ú kó tẹ́, á dà bíi tuntun.

Fún bóòtì tó gbọ́dọ̀ dúró gbọn-in, bí ìgbà tí ẹ fẹ́ fi ayùn gé e kúrú, nọ́ọ̀tì tí a là ló dájú jù. Ẹ fi ayùn irin la nọ́ọ̀tì kan ní igun kan ṣoṣo, kó dé inú tírẹ́ẹ̀dì. Ẹ yí i wọ bóòtì. Kí igun tí ẹ là wà lókè, kí ẹnu fáìsì di ojú méjì tó tẹ́jú lọ́tùn-ún àti lósì mú. Bí ẹ bá fún un, ojú tí ẹ là á máa pa dé, nọ́ọ̀tì á sì di gbogbo tírẹ́ẹ̀dì mú yí ká. Bí ẹ bá la ojú tó tẹ́jú, tí ẹ sì kọ ọ́ sí ẹnu fáìsì, kò ní pa dé, á kàn máa yí ni.

Òjé ńkọ́? Ó rọ̀ gan-an, 327°C ló ti ń yọ́, kò sì sí ohun tó ń gba àwòrán iṣẹ́ tó o. Síbẹ̀ mi ò ní sọ pé kí ẹ lò ó. Májèlé ni. Ẹ̀rún rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ọwọ́ ló sì ń gbé e dé ẹnu. Ẹni tó bá ti ní i tẹ́lẹ̀ kó má ṣe fi fáìlì ha á ní gbígbẹ, kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ, kó má sì fi dì ohunkóhun tí omi mímu máa gba inú rẹ̀ kọjá. Kò sí iṣẹ́ tí ẹ kà sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn tí bàbà tàbí igi ò lè ṣe.

Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́

Ọ̀gá Gbẹ́nàgbẹ́nà, kòtò oníhà méjì yín dáa fún ọ̀pá tó kún nínú. Páìpù tí ara rẹ̀ ò tó 1 mm kò ní gbà á. Ojú mẹ́ta péré ló dì í mú, á sì tẹ̀ wọ̀ lójú kan nínú wọn. Páìpù tínrín gbọ́dọ̀ rí ohun tó dì í mú yí ká.

Ẹ mú igi líle 60 × 60 mm tó gùn tó 100 mm. Fún páìpù irin kẹ̀kẹ́ 28.6 mm, ẹ lu ihò 30 mm já láàárín igi náà. Ẹ wá fi ayùn la igi sí méjì gba àárín ihò gẹ́lẹ́; ibi tí ayùn jẹ, nǹkan bíi 2 mm, ni àyè tí ìbonu máa fi fún. Ẹ tẹ́ awọ 1 mm sínú ihò lápá méjèèjì. Ẹ wò ó dáadáa: bí ìlàjì méjèèjì bá ti fẹnu kanra kí páìpù tó dúró, ihò ti tóbi jù, ẹ fi awọ kún un. Bó bá sì jẹ́ etí ihò nìkan ló kan páìpù, ihò kéré jù, etí yẹn á sì tẹ ìlà sí i.

Lára páìpù kẹ̀kẹ́ tó dáa, ìpẹ̀kun méjèèjì ló nípọn, àárín rẹ̀ tínrín. Ìpẹ̀kun ni kí ẹ dì. Tó bá ti di férémù odidi, ẹ má di páìpù rẹ̀ kankan. Ọ̀pá abẹ́ ìjókòó ni kí ẹ dì mú. Páìpù carbon fiber ò sì gbọ́dọ̀ wọ fáìsì rárá, ìfúnpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè fọ́ ọ nínú láìjẹ́ kí ojú rẹ̀ fi hàn.

Rọ́bà máa ń dì mú dáadáa bí nǹkan bá dúró jẹ́ẹ́, àmọ́ bí fáìlì bá ti gbé e, á máa lọ, á máa bọ̀. Ọ́ìlì sì ń jẹ́ kí rọ́bà lásán wú, kó sì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ike ńkọ́? HDPE àti UHMW kì í ha nǹkan, àmọ́ wọ́n ń yọ̀, torí náà kòtò gbọ́dọ̀ wà lójú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìbonu jáde lórí ẹ̀rọ 3D, kó dá a dùbúlẹ̀ lórí ìpẹ̀kun rẹ̀, kí àwòrán igun ángù náà wà lójú tábìlì ẹ̀rọ, kí okùn ike lè máa gba igun yẹn kọjá láìdáwọ́ dúró. Bí ẹ bá gbé e dúró bó ṣe máa wà lẹ́nu fáìsì, ibi tó ti ṣẹ́ gan-an ni ìpele á ti ya. PLA, ọ̀kan lára ike ẹ̀rọ 3D, máa ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó bá pẹ́ nínú ìfúnpọ̀, ó sì ń rọ̀ ní nǹkan bíi 60°C. TPU 95A, ike tó ń tẹ̀ bíi rọ́bà, ló fara dà á jù.

Ọmọṣẹ́Irin

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀gá Tọ́nà, bí èèyàn bá fẹ́ tẹ etí ángù alumíníọ̀mù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè di ẹnu fáìsì mú, ṣé kò ní sán? Àti ọ̀rọ̀ òòfà àti skúrù tí mo béèrè lẹ́ẹ̀kan.

Tọ́nà Àgbà

Á sán, torí ángù tí ẹ máa rí ti gba iná tó mú un le. Ẹ fi ọṣẹ tútù fa ìlà sí ibi tí ẹ fẹ́ tẹ̀, kí ẹ fi iná rá a láti ẹ̀yìn. Bí ìlà ọṣẹ bá ti di dúdú, ẹ gbé iná kúrò lójú ẹsẹ̀. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n kí ó tó yọ́. Ó ń dúró funfun títí di ìgbà tó bá fẹ́ yọ́, á sì kàn wó lójijì. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí irin tí etí rẹ̀ rí róbótó, kì í ṣe lórí etí tó mú.

Òòfà rọrùn ju etí lọ. Èyí tó wọ́pọ̀ ni neodymium 10 × 3 mm. Ángù 5 mm ló lè gbà á: ẹ gbẹ́ kòtò 3.2 mm sẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi epọ́sì lẹ òòfà méjì sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kí òòfà wọlé ju ojú irin lọ díẹ̀, torí ó ń fọ́ bí àwo, kò sì gbọ́dọ̀ gbé agbára ìfúnpọ̀. Bí ooru bá kọjá 80°C, irú tó wọ́pọ̀ nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù agbára. Àléébù tó tóbi jù ni pé òòfà ń kó ẹ̀rún irin jọ sẹ́yìn ìbonu. Ẹ nu ẹ̀yìn rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e sí i, kò ní jókòó tààrà bí ẹ̀rún bá wà níbẹ̀.

Skúrù ni ti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ní í ṣe pẹ̀lú òòlù. Ẹ tú irin ojú ẹnu fáìsì kúrò, ẹ gbé e lé orí alumíníọ̀mù tó nípọn tó 12 mm, ẹ dì wọ́n pọ̀, kí ẹ fi ihò rẹ̀ sàmì. Fún skúrù M6, ẹ lu ihò 6.6 mm, kí ẹ gbẹ́ ihò 11 mm tó jìn tó 8 mm sójú rẹ̀, kí orí skúrù lè rì tó 2 mm sísàlẹ̀ ojú iṣẹ́. Fún M8, ihò 9 mm, ti orí skúrù 15 mm, tó jìn tó 10 mm; 12 mm ò tó fún un, ẹ lo 15 mm. Ẹ wọn bí ihò ara fáìsì ṣe jìn tó kí ẹ tó yan gígùn skúrù: bí skúrù bá gúnlẹ̀, ìbonu ò ní fún, ẹ ó sì rò pé ó ti fún. Ẹ wo oríṣi tírẹ́ẹ̀dì náà pẹ̀lú, ti ọ̀pọ̀ fáìsì àtijọ́ jẹ́ ti íńṣì, M6 ò ní wọ inú rẹ̀ láìba tírẹ́ẹ̀dì jẹ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dè é, ẹ fi bébà mẹ́rin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹnu fáìsì, ẹ pa á dé, ẹ fa bébà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá jáde wẹ́rẹ́, páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ẹ ó tì sẹ́yìn ìbonu níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo ni fáìsì yẹn, ángù tó ń gùn lé orí ẹnu ni màá lò, màá sì fi irin eyín sílẹ̀ lójú rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tẹ irin tàbí lù ú, ẹ máa nílò rẹ̀, ìbonu rírọ̀ èyíkéyìí ò sì gbọ́dọ̀ rí òòlù.

Wẹ́dà

Ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu kan stainless. Bí ẹ̀rún irin lásán bá wà lójú ìbonu, á wọ ara stainless, ẹ̀rún yẹn á dógùn-ún, á sì dà bíi pé stainless ló dógùn-ún. Torí náà ẹ ṣe ìbonu alumíníọ̀mù kan tó jẹ́ ti stainless nìkan, ẹ kọ S gàdàgbà sí i lórí, ẹ má sì jẹ́ kó kan irin míì. Ẹ má fi bàbà di stainless tí ẹ máa jó (ìyẹn, tí ẹ máa wẹ́ẹ̀dì). Bí bàbà tàbí òjé bá fi àpá sílẹ̀ lójú ibi tí iná máa dé, á yọ́, á sì wọ àárín àwọn wóró wẹ́wẹ́ tó para pọ̀ di irin náà, ojú ìjó á sán.

Bí ẹ bá fẹ́ fi iná lẹ nǹkan kékeré nínú fáìsì, ẹ yọ ìbonu alumíníọ̀mù àti bàbà kúrò. Méjèèjì ń fa ooru kúrò lára iṣẹ́, ẹ ó máa da iná sí i, kò sì ní gbóná tó. Igi á jó, ike á yọ́. Páànù stainless tínrín méjì, tí ẹ ti pa etí rẹ̀, ni kí ẹ tì sáàárín iṣẹ́ àti ẹnu fáìsì. Stainless ò gbé ooru rìn bí alumíníọ̀mù, kò tó ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Ẹ rọra fún un ní ti èyí, torí kò rọ̀, ibi tí ẹ sì dì mú ni kó jìnnà jù sí ibi tí iná ń kàn.